Orí Keje: Ìjà Inú Ilé ní Ọ́fíìsì Agbẹjọ́rò Ìjọba

Ẹni tó bá ń ka ìwé ìròyìn Yorùbá déédéé yóò mọ gbólóhùn yìí bí ẹni mowó: adájọ́ ní kí wọ́n lọ fi afurasí náà pamọ́ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n Kirikiri títí ìmọ̀ràn yóò fi wá láti ọ́fíìsì DPP, ìyẹn ọ̀gá tó ń darí ìgbẹ́jọ́ ọ̀ràn fún ìjọba. Ibẹ̀ ni ìròyìn náà sábà máa ń parí sí. Ohun tó ń tẹ̀ lé e kì í dé etí aráàlú. Àwọn ọlọ́pàá yóò ṣe ẹ̀dà fáìlì ẹjọ́ náà, wọn yóò fi í ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ ètò ìdájọ́ ìpínlẹ̀ Èkó ní Alausa. Ọ̀gá ibẹ̀ yóò gbé e fún agbẹjọ́rò ìjọba kan. Ìyẹn yóò ka ọ̀rọ̀ àwọn ẹlẹ́rìí, yóò yẹ ẹ̀rí wò, yóò sì kọ èrò rẹ̀ sílẹ̀, bóyá ẹjọ́ wà ńbẹ̀ tàbí kò sí. Ní gbogbo àsìkò tí fáìlì náà bá fi wà lórí tábìlì, ènìyàn kan wà ní àhámọ́.

Ká wá ní agbẹjọ́rò yìí àti ọ̀gá rẹ̀ kò fẹ́ rí ara wọn sójú. Ọ̀gá lè gba fáìlì lọ́wọ́ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, kó gbé e fún ẹlòmíràn tí yóò bẹ̀rẹ̀ láti ojú ìwé àkọ́kọ́. Ó lè gbé agbẹjọ́rò náà lọ sí ìlú mìíràn nígbà tí ẹlẹ́rìí pàtàkì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ dé kóòtù. Ó lè fi kúẹ̀rì lé kúẹ̀rì fún un títí iṣẹ́ yóò fi sú u. Lójú àwọn ará ọ́fíìsì, ọ̀rọ̀ àárín òṣìṣẹ́ méjì ni. Àmọ́ ẹni tó wà ní Kirikiri ni yóò fi oṣù gbáko san gbèsè ìjà tí kò mọ ohunkóhun nípa rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ yóò máa jókòó sílé, tí yóò máa retí ọjọ́ tí wọn yóò pe òun wá jẹ́rìí.

Ìdí nìyí tí orí yìí kò fi gbà pé ọ̀rọ̀ abẹ́lé lásán ni ìjà inú ọ́fíìsì agbẹjọ́rò ìjọba. Àwọn ilé ẹjọ́ kan ti sọ pé ọ̀rọ̀ abẹ́lé ni, a ó sì yẹ ìdí tí wọ́n fi sọ bẹ́ẹ̀ wò. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà la ó ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni irú ìjà yìí ti dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, tí ìwé ẹjọ́ náà sì wà fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kà á. Lẹ́yìn náà la ó wá padà sílé.

Ọ̀gá tó jẹ́ olóṣèlú

Ní ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, ìbò ni wọ́n fi ń yan olórí àwọn agbẹjọ́rò ìjọba, tí wọ́n ń pè ní district attorney. Àwọn ìpínlẹ̀ bíi Alaska, Connecticut àti New Jersey ni kò bá wọn ṣe é bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ dé ipò náà yóò kó owó ìpolongo jọ, yóò lẹ àwòrán rẹ̀ káàkiri, yóò wá àwọn tí yóò tì í lẹ́yìn. Bó bá sì wọlé, àwọn agbẹjọ́rò tó wà lábẹ́ rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi kò ní ààbò kankan lẹ́nu iṣẹ́ ju pé ó ṣì wu ọ̀gá kí wọ́n wà níbẹ̀ lọ. Bí ìbò tuntun bá wá ń súnmọ́lé, kò sẹ́ni tí yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún òṣìṣẹ́ pé ọ̀gá ń ṣọ́ ẹni tó bá òun ṣe ìpolongo àti ẹni tó jókòó sílé.

A kì í dìbò yan tiwa ní Nàìjíríà. Abala 150 nínú ìwé òfin ọdún 1999 sọ pé agbẹjọ́rò àgbà ìjọba àpapọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ mínísítà. Abala 195 sì sọ pé ti ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ kọmíṣánnà. Òfin yìí kan náà ló ní kò sẹ́ni tó lè dé ipò náà àfi bó bá ti pé ọdún mẹ́wàá ó kéré tán tó ti di agbẹjọ́rò. Ọdún mẹ́wàá fi hàn pé ìmọ̀ òfin ni wọ́n ń wá. Àga mínísítà fi hàn pé ẹni ààrẹ ni wọ́n ń wá pẹ̀lú. Orí ènìyàn kan ṣoṣo ni wọ́n gbé ẹrù méjèèjì lé, wọ́n sì ní kó má jẹ́ kí ọ̀kan fara kan èkejì.

Lábẹ́ kọmíṣánnà yìí ni DPP àti àwọn agbẹjọ́rò ìjọba yòókù wà. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni wọ́n. Ibẹ̀ ni kọmíṣánnà bá wọn, ibẹ̀ ni yóò sì fi wọ́n sílẹ̀ sí. Ẹni tó bá ìjọba wọlé ń kánjú, nítorí ó ní ọdún mẹ́rin tàbí mẹ́jọ. Ẹni tó bá a níbẹ̀ mọ̀ pé òun ṣì máa rí kọmíṣánnà mìíràn. Bí ọ̀kan nínú wọn bá rò pé èkejì ń bá ẹgbẹ́ alátakò ṣe, ọ̀rọ̀ yóò di èyí tí wọ́n ń sọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ìwé ìbéèrè Sheila Myers

Harry Connick, bàbá olórin tó ń jẹ́ orúkọ kan náà, ló fẹ̀yìn Jim Garrison gbálẹ̀ nínú ìbò district attorney ní New Orleans lọ́dún 1973. Ó wà lórí àga náà títí di ọdún 2003. Sheila Myers jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn agbẹjọ́rò tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Ó ti lo ọdún márùn-ún àtààbọ̀ níbẹ̀, ó sì mọ iṣẹ́ rẹ̀ níṣẹ́.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹwàá ọdún 1980, wọ́n sọ fún un pé wọ́n fẹ́ gbé e lọ sí ẹ̀ka mìíràn nínú ilé ẹjọ́ ọ̀daràn. Ó ní òun kò fẹ́. Lára ìdí tó fi kọ̀ ni pé ó ń bá ètò kan ṣe tí wọ́n fi ń gba àwọn tí ilé ẹjọ́ ti dá lẹ́bi, tí wọ́n sì tú sílẹ̀ lábẹ́ ìṣọ́, níyànjú ní ẹ̀ka tí wọ́n fẹ́ gbé e lọ gan-an. Kò fẹ́ kí iṣẹ́ agbẹjọ́rò àti iṣẹ́ olùgbaninímọ̀ràn forí gbárí lọ́wọ́ òun. Ó sọ èyí fún àwọn ọ̀gá rẹ̀, títí kan Connick fúnra rẹ̀. Ìwé ìgbéniṣípò náà ṣì jáde ní ọjọ́ kẹfà oṣù náà. Nígbà tó bá ọ̀kan nínú àwọn igbákejì Connick sọ̀rọ̀, tó mẹ́nu kan àwọn ohun mìíràn tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn ní ọ́fíìsì, ìyẹn sọ fún un pé Myers nìkan ló ń rò bẹ́ẹ̀, pé àwọn yòókù kò ní ẹ̀dùn kankan. Myers dáhùn pé òun yóò ṣe ìwádìí.

Ó ṣe é lóòótọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, ó jókòó, ó kọ ìwé ìbéèrè. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó tẹ̀ ẹ́, ó ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Connick tún bá a sọ̀rọ̀ pé kó gbà kó lọ. Ó ní òun yóò rò ó. Bí Connick ṣe jáde ní ọ́fíìsì, Myers pín ìwé náà fún àwọn agbẹjọ́rò ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó béèrè èrò wọn lórí bí wọ́n ṣe ń gbé òṣìṣẹ́ kiri. Ó béèrè bóyá ara àwọn òṣìṣẹ́ dá sí iṣẹ́, bóyá ó yẹ kí ìgbìmọ̀ wà tí òṣìṣẹ́ lè fẹjọ́ sùn, bóyá wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ọ̀gá kan tó dárúkọ wọn. Ó sì béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ti fipá mú wọn rí láti ṣiṣẹ́ nínú ìpolongo ìbò olùdíje tí ọ́fíìsì náà ń tì lẹ́yìn.

Lẹ́yìn agogo méjìlá ọ̀sán, igbákejì náà gbọ́. Ó pe Connick lórí fóònù pé Myers ti ń dá ọ̀tẹ̀ sílẹ̀ nínú ọ́fíìsì. Connick padà wá, ó dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ó ní nítorí pé ó kọ̀ láti lọ sí ẹ̀ka tí wọ́n gbé e lọ ni, ó sì fi kún un pé ìwà àfojúdi ni ìwé ìbéèrè náà. Nínú gbogbo ohun tó wà nínú ìwé náà, méjì ló bí i nínú jù: ìbéèrè lórí bóyá àwọn òṣìṣẹ́ gbẹ́kẹ̀ lé ọ̀gá wọn, àti èyí tó kan ìpolongo. Ó ní bí àwọn oníròyìn bá rí èyí tó gbẹ̀yìn yìí, yóò ba ọ́fíìsì jẹ́.

Àwọn àgbà máa ń sọ pé ilé tó tòrò, ọmọ àlè ibẹ̀ ni kò tíì dàgbà. Ojú tí ọ̀pọ̀ ọ̀gá fi ń wo ẹni tó bá béèrè ọ̀rọ̀ nìyí: kí ẹni yìí tó la ẹnu, ṣebí gbogbo wa la wà ní ìrẹ́pọ̀. Myers kò pariwo, kò lọ bá oníròyìn, kò kọ iṣẹ́ sílẹ̀. Ohun tó ṣe kò ju pé ó fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni pé òun nìkan lara ń ta.

Adájọ́ ìjọba àpapọ̀ tó kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ náà dá Myers láre. Ó rí i pé ìwé ìbéèrè ló fà á tí wọ́n fi lé e, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbéniṣípò, àti pé ọ́fíìsì náà kò fi hàn pé ìwé yìí dí iṣẹ́ lọ́wọ́ lọ títí. Ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn náà gbè é. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1983, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dojú gbogbo rẹ̀ dé, adájọ́ márùn-ún sí mẹ́rin. Adájọ́ Byron White ló kọ ìdájọ́ náà. Ó ní bí òṣìṣẹ́ ìjọba bá ń sọ̀rọ̀ nípa ohun tó kan gbogbo aráàlú, òfin ń dáàbò bò ó. Bó bá jẹ́ ẹ̀dùn ọkàn ara rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ló ń sọ, kò yẹ kó gbé e wá sí kóòtù ìjọba àpapọ̀. Nínú gbogbo ìbéèrè Myers, ọ̀kan ṣoṣo, ti ìpolongo ìbò, ni wọ́n gbà pé ó kan aráàlú. Wọ́n ní èyí kéré ju kó borí ẹ̀tọ́ tí ọ̀gá ní láti dènà ìdàrúdàpọ̀, àti pé kò pọn dandan kí ọ̀gá dúró títí ọ́fíìsì yóò fi tú ká kó tó gbé ìgbésẹ̀. Adájọ́ William Brennan, tó ṣáájú àwọn mẹ́rin tí kò fara mọ́ ọn, sọ pé ẹni tí aráàlú dìbò yàn ni Connick, ọ̀rọ̀ bó ṣe ń darí ọ́fíìsì rẹ̀ kàn wọ́n nígbà náà.

Ti Brennan ni mo fara mọ́, n ó sì sọ ìdí rẹ̀. Ìdájọ́ White gbé ìbéèrè ìpolongo sí apá kan, ó gbé ti ìgbéniṣípò, ti ìgbẹ́kẹ̀lé àti ti ìgbìmọ̀ ẹ̀sùn sí apá kejì, bí ẹni pé wọn kò bára tan. Bẹ́ẹ̀, bí wọ́n bá gbé agbẹjọ́rò kan kúrò nítorí pé kò bá ọ̀gá ṣe ìpolongo, ṣé wọn yóò kọ ọ́ sínú lẹ́tà rẹ̀ ni? Lẹ́tà yóò sọ pé iṣẹ́ ló fẹ́ kó lọ. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí a lè gbà mọ̀ ni pé ká bi òṣìṣẹ́ púpọ̀ léèrè nípa bí wọ́n ṣe ń gbé wọn kiri, ká wá gbé èyí kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdáhùn wọn lórí ìpolongo. Ohun tí ìwé Myers fẹ́ ṣe gan-an nìyẹn. Bí ẹ bá yọ ọ̀kan kúrò lára èkejì, ìwádìí náà kò lè rí ohunkóhun mọ́.

Ojú ẹsẹ̀ táyà ní Pomona

Richard Ceballos ti ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì district attorney ti Los Angeles láti ọdún 1989, ó sì jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó ń darí àwọn agbẹjọ́rò yòókù ní ẹ̀ka Pomona. Ní oṣù Kejì ọdún 2000, agbẹjọ́rò olùjẹ́jọ́ kan wá bá a pé ọ̀rọ̀ inú ìwé ìbúra tí ọlọ́pàá fi gba àṣẹ láti tú ilé kan kò tọ̀nà. Ceballos kò jókòó sí ọ́fíìsì dá a lóhùn. Ó lọ síbẹ̀. Ibi tí ọlọ́pàá pè ní ọ̀nà gígùn tó wọ inú ọgbà ilé, Ceballos rí i pé títì ni lọ́tọ̀. Ọlọ́pàá ní ojú ẹsẹ̀ táyà wà láti ibi tí wọ́n ti rí ọkọ̀ kan tí wọ́n ti tú palẹ̀ títí dé ilé náà. Ceballos wo ojú ọ̀nà, ó sì rò ó pé pẹ̀lú bó ṣe rí, agbára káká ni táyà fi lè fi àmì sílẹ̀ níbẹ̀. Ó pe ọlọ́pàá tó búra náà, àlàyé rẹ̀ kò tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Ó kọ ìwé sí àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹta pé kí wọ́n fa ẹjọ́ náà yọ. Wọ́n pe ìpàdé pẹ̀lú àwọn ọlọ́pàá, ìpàdé náà sì gbóná. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá ọlọ́pàá bínú sí i gidi lórí bó ṣe bójú tó ọ̀rọ̀ náà. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ tẹ̀ síwájú nínú ẹjọ́ ọ̀hún. Nígbà tó dé kóòtù, agbẹjọ́rò olùjẹ́jọ́ pe Ceballos láti jẹ́rìí, ó sì sọ ohun tó rí. Adájọ́ ibẹ̀ kò fagi lé ìwé àṣẹ náà, ẹ má gbàgbé èyí. Ceballos sọ pé láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń fìyà jẹ òun: wọ́n rẹ ipò òun sílẹ̀, wọ́n gbé òun lọ sí kóòtù mìíràn, wọn kò sì fún òun ní ìgbéga. Ọ́fíìsì náà ní kò rí bẹ́ẹ̀, pé ohun tí iṣẹ́ ń fẹ́ làwọn ṣe.

Ní ọjọ́ ọgbọ̀n oṣù Karùn-ún ọdún 2006, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́, márùn-ún sí mẹ́rin bí ti Myers. Adájọ́ Anthony Kennedy kọ ọ́ pé ìwé tí Ceballos kọ jẹ́ ara iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó fún un láti ṣe, nítorí náà kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí ọmọ ìlú ló fi sọ̀rọ̀, ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú láti sọ̀rọ̀ kò sì lè gbà á sílẹ̀.

Ẹ gbé ìdájọ́ méjèèjì síra wọn. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ Myers kò kan aráàlú tó. Ọ̀rọ̀ Ceballos kan aráàlú dáadáa, bóyá ọlọ́pàá purọ́ láti wọ ilé onílé, àmọ́ wọ́n ní iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Agbẹjọ́rò tó bá fẹ́ kí òfin orílẹ̀-èdè dáàbò bo òun gbọ́dọ̀ wá ọ̀rọ̀ tó kan gbogbo ìlú, kó sì sọ ọ́ níta iṣẹ́ rẹ̀. Ìyẹn túmọ̀ sí pé ẹni tó lọ bá oníròyìn lè rí ààbò tí ẹni tó kọ́kọ́ lọ bá ọ̀gá rẹ̀ tìtìjú-tìtìjú kò rí. N kò mọ ọ́fíìsì kankan tí irú ètò bẹ́ẹ̀ yóò tún ṣe. Kennedy náà mẹ́nu kan àwọn òfin tó ń dáàbò bo ẹni tó bá tú àṣírí ìwà ìbàjẹ́, àti ojúṣe tí agbẹjọ́rò ìjọba ní láti fi ẹ̀rí tó lè ran olùjẹ́jọ́ lọ́wọ́ hàn án, èyí tó ti wà láti ìgbà ìdájọ́ Brady ní ọdún 1963. Ojúṣe yìí ló gbé wa dé ọ̀rọ̀ John Thompson.

Ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀

Ọ́fíìsì Connick yìí kan náà ló gbé Thompson lọ sí kóòtù ní ọdún 1985, lẹ́ẹ̀mejì: lákọ̀ọ́kọ́ fún ẹ̀sùn ìdigunjalè, lẹ́yìn náà fún ìpànìyàn. Ẹ̀jẹ̀ adigunjalè náà ta sí ṣòkòtò ẹni tó fẹ́ jà lólè. Wọ́n gé e, wọ́n fi í ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò, èsì sì dé kí ìgbẹ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀ pé ẹ̀jẹ̀ oríṣi B ni. Oríṣi O ni ti Thompson. Wọn kò fi ìwé náà han agbẹjọ́rò rẹ̀. Wọ́n dá a lẹ́bi ìdigunjalè, nítorí ìdálẹ́bi yìí kò sì jẹ́rìí fúnra rẹ̀ nínú ẹjọ́ ìpànìyàn, wọ́n sì dájọ́ ikú fún un.

Ní ọdún 1994, ọ̀kan nínú àwọn agbẹjọ́rò tó bójú tó ẹjọ́ náà ń kú lọ lọ́wọ́ àrùn jẹjẹrẹ. Ó jẹ́wọ́ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, tóun náà ti ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì yẹn rí, pé òun fi ẹ̀rí ẹ̀jẹ̀ pamọ́. Ọ̀rẹ́ náà kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni fún ọdún márùn-ún. Ọdún 1999, nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n pa Thompson, ni olùṣèwádìí kan rí ìwé àyẹ̀wò náà. Wọ́n tún ẹjọ́ ìpànìyàn gbọ́ ní ọdún 2003, wọ́n sì dá a sílẹ̀. Ó ti lo ọdún méjìdínlógún lẹ́wọ̀n, mẹ́rìnlá nínú rẹ̀ lábẹ́ ìdájọ́ ikú. Àwọn aráàlú tó jókòó gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ ní kí ọ́fíìsì náà san mílíọ̀nù mẹ́rìnlá dọ́là fún un. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fagi lé owó náà ní ọdún 2011, márùn-ún sí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan sí i.

A kò lè sọ pé lílé tí wọ́n lé Myers ló kó bá Thompson. Kò sí ẹ̀rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí a lè sọ ni pé ju agbẹjọ́rò kan lọ ló fọwọ́ kan ẹjọ́ Thompson, àti pé nínú ọ́fíìsì tí wọ́n ti lé ènìyàn nítorí pé ó béèrè bóyá àwọn òṣìṣẹ́ gbẹ́kẹ̀ lé ọ̀gá wọn, kò ní rọrùn fún ẹnì kan láti lọ sọ lábẹ́lẹ̀ pé ìwé kan wà tí a kò tíì fi hàn. Ìgbìmọ̀ ẹ̀sùn tí Myers béèrè nípa rẹ̀, tí wọ́n pè ní ẹ̀dùn ọkàn ara rẹ̀, jẹ́ ọ̀kan lára ibi tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ìbá ti rí ẹnu jáde.

Nígbà tí àwọn ọmọ iṣẹ́ bá dìde sí ọ̀gá

Kì í ṣe ìgbà gbogbo ni ọ̀gá ń ni ọmọ iṣẹ́ lára. George Gascón borí Jackie Lacey nínú ìbò Los Angeles lọ́dún 2020. Ọjọ́ tó gba iṣẹ́ nínú oṣù Kejìlá ló gbé àṣẹ tuntun jáde, èyí tó ní kí àwọn agbẹjọ́rò má máa béèrè fún àfikún ọdún ẹ̀wọ̀n mọ́ lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀sùn. Kí ọdún tó parí, ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ ti pè é lẹ́jọ́. Ní oṣù Kejì ọdún 2021, adájọ́ kan gbà pẹ̀lú wọn pé díẹ̀ nínú àṣẹ náà yóò mú kí wọ́n rú òfin ìpínlẹ̀. Ní ọdún 2023, wọ́n ní kí ìjọba ìbílẹ̀ náà san mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ dọ́là fún ọ̀gá kan níbẹ̀, Shawn Randolph, tó ní wọ́n gbé òun kúrò ní ẹ̀ka ẹjọ́ àwọn ọ̀dọ́ nítorí pé òun tako àṣẹ yìí. Nígbà tí ìbò abẹ́lé ọdún 2024 dé, ju ẹnì kan lọ nínú àwọn agbẹjọ́rò tó ń gba owó oṣù lábẹ́ Gascón ló jáde láti bá a du àga rẹ̀. Nathan Hochman, tí kì í ṣe ọ̀kan nínú wọn, ló wọlé ní oṣù Kọkànlá.

Kò yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ kánjú gbè sẹ́yìn ẹnì kan níbí. Aráàlú mọ ohun tí Gascón fẹ́ ṣe kí wọ́n tó dìbò fún un. Àwọn agbẹjọ́rò náà sì ti búra láti tẹ̀ lé òfin, kì í ṣe láti tẹ̀ lé ìpolongo. Mo rò pé ibi tí àwọn agbẹjọ́rò yẹn dúró sí láti sọ pé àṣẹ kan rú òfin le dáadáa. Adájọ́ gbà á. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti di pé ẹni tó ń bójú tó fáìlì ń bá ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò du àga kan náà lójoojúmọ́ ni ẹsẹ̀ ti ń yọ̀, nítorí láti ìgbà náà lọ, ta ni yóò gbàgbọ́ pé nítorí ẹjọ́ nìkan ni ẹnikẹ́ni nínú wọn fi ṣe ohunkóhun?

Bó ṣe rí nílé

Ní ọdún 1983 tí wọ́n dájọ́ Myers, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà dájọ́ tiwa, nínú ẹjọ́ tó wà láàárín ìjọba ìpínlẹ̀ àti Ilori. Agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ Èkó ti dá ẹjọ́ ọ̀ràn kan dúró tí aládàáni kan pè. Ìbéèrè náà ni pé ṣé kóòtù lè bi í léèrè ìdí. Adájọ́ Káyọ̀dé Ẹ̀sọ̀, tó kọ ìdájọ́ náà, ní kò lè ṣe é: agbára náà wà lọ́wọ́ agbẹjọ́rò àgbà nìkan, ẹni tó yàn án sípò àti ohùn aráàlú ló lè bá a wí. Abala 174 àti 211 nínú òfin ọdún 1999 ṣì gbé agbára yìí lé e lọ́wọ́, pẹ̀lú ìkìlọ̀ pé kó máa ro ire aráàlú, ire ìdájọ́ òdodo àti bí a kò ṣe ní fi kóòtù ṣe ìkà.

Ẹni tó wà nísàlẹ̀ ní ààbò tirẹ̀. Ní ọdún 1981, nínú ẹjọ́ Shitta-Bey, agbẹjọ́rò kan ní iléeṣẹ́ ètò ìdájọ́ ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n fi tipátipá fẹ̀yìn rẹ̀ tì, ilé ẹjọ́ yìí kan náà sọ pé òfin àti ìlànà ló gbé òṣìṣẹ́ ìjọba sí ipò, kì í ṣe ìfẹ́ inú ọ̀gá, wọ́n sì gbọ́dọ̀ dá a padà sẹ́nu iṣẹ́. Irú ààbò yìí gan-an ni Myers kò ní. Síbẹ̀, a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ọ̀gá tí kò lè lé ọ lè gba fáìlì lọ́wọ́ rẹ, kó fi ọ́ sí tábìlì tí iṣẹ́ kankan kì í dé, kó sì máa san owó oṣù rẹ pé. Kò sí ìdájọ́ tó lè fún ẹnì kan ní fáìlì.

Nítorí pé ẹni ìsàlẹ̀ kò ṣeé lé, tí ẹni òkè kò sì ṣeé bi léèrè, àárín àwọn ọ̀gá ni ìjà wa sábà máa ń gbóná sí. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2007, Michael Aondoakaa, agbẹjọ́rò àgbà lábẹ́ Ààrẹ Umaru Yar'Adua, fẹ́ kí ẹjọ́ EFCC àti ICPC, àwọn àjọ tó ń gbógun ti ìwà ìbàjẹ́, bọ́ sábẹ́ àṣẹ òun. Ariwo ta, ààrẹ dá a padà. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ní kí Nuhu Ribadu, alága EFCC, lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní NIPSS, iléèkọ́ àwọn ọ̀gá òṣìṣẹ́ ìjọba ní Kuru. Ní ọdún 2008, Farida Waziri gba ipò rẹ̀, wọ́n rẹ ipò Ribadu sílẹ̀ nínú iṣẹ́ ọlọ́pàá, wọ́n sì lé e kí ọdún tó parí. Ní ọdún 2020, Abubakar Malami, agbẹjọ́rò àgbà lábẹ́ Ààrẹ Muhammadu Buhari, kọ̀wé fẹ̀sùn kan Ibrahim Magu tó ń ṣe adelé alága. Ní oṣù Keje, wọ́n gbé Magu lọ síwájú ìgbìmọ̀ tí Adájọ́-fẹ̀yìntì Ayọ̀ Salami ṣe alága rẹ̀, wọ́n sì ní kó lọ rọ́kún nílé.

Bóyá ẹ̀sùn tó wà nínú ìwé Malami jóòótọ́ kì í ṣe ohun tí orí yìí fẹ́ dájọ́ lé. Ohun tó yẹ ká rí ni pé ìwé ìgbaniláyè láti lọ kẹ́kọ̀ọ́ ti ọdún 2007 àti ìwé ìgbéniṣípò ti New Orleans ní ọdún 1980 jọra nínú ohun kan: ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ló wà lójú ìwé méjèèjì, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ẹni tó kà wọ́n ló gbà pé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ nìkan ni. Ní gbogbo ìgbà tí alága EFCC bá yí padà lọ́nà báyìí, àwọn agbẹjọ́rò tó ń bójú tó ẹjọ́ àwọn gómìnà àná á dúró wo ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, agbẹjọ́rò àwọn gómìnà náà á sì béèrè fún ọjọ́ mìíràn.

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Ẹ lọ jókòó ní kóòtù májísíréètì tó súnmọ́ yín fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ kọ iye ẹjọ́ tí wọ́n sún síwájú nítorí ìmọ̀ràn DPP sílẹ̀, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ akọ̀wé kóòtù ìgbà mélòó ni agbẹjọ́rò ìjọba tó wà nídìí ẹjọ́ kọ̀ọ̀kan ti yí padà.

2. Ẹ kọ ìwé ìbéèrè bíi ti Myers fún àwọn agbẹjọ́rò ìjọba ní ìpínlẹ̀ yín. Ẹ fi àmì sí èyí tí ìdájọ́ ọdún 1983 yóò pè ní ọ̀rọ̀ aráàlú. Ẹ gbé ìwé náà fún ọmọ kíláàsì yín kan tó fara mọ́ Adájọ́ White, kó ṣàlàyé ìdí tó fi yẹ kí ọ̀gá fòfin dè é.

3. Ká ní Ceballos ló jáde du àga district attorney ní ọdún 2000 dípò kó kọ ìwé sí ọ̀gá rẹ̀, tó sì ń sọ ọ̀rọ̀ ojú ẹsẹ̀ táyà kiri ní ibi ìpolongo nígbà tí ẹjọ́ ṣì wà ní kóòtù. Lábẹ́ ìdájọ́ ọdún 2006, èwo nínú ọ̀nà méjèèjì ni òfin ìbá ti dáàbò bò jù, èwo sì ni olùjẹ́jọ́ tó wà ní àhámọ́ ìbá fẹ́?